Ọkọ̀ Búlúù Ọláìtán

Ọkọ̀ ojú omi Ọláìtán ti gbó, fáíbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti là.

Sherif tó ń tún ọkọ̀ ṣe létí omi Ọ̀jọ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, igi tó gbé inú ẹ̀ ró ti jẹrà. Ẹ jẹ́ ká gé ibẹ̀ kúrò, ká lẹ fáíbà tuntun."

"Ta ló bi ọ́? Títà ni mo fẹ́ tà á!"

Ọláìtán fi bọ́dì fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dí ibi tó là fúnra rẹ̀, ó kùn ún ní búlúù, ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook: "Digbí ni! Ẹ̀kán omi kan ò lè wọ inú ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó lọ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ọkọ̀ ojú omi kan tó dojú dé: "Àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí ò bẹ̀rù Ọlọ́run o."

Ọkùnrin kan wá láti Ìjànìkin, ó rà á láìwo abẹ́ rẹ̀. Inú Ọláìtán dùn dọ́ba.

"Ọwọ́ ọ̀dẹ̀ lowó wà!"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ pè é.

"Ọmọ mi, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ti ra ọkọ̀ búlúù kan o! A ti wà láàárín omi báyìí. Ẹni tá a rán ní ọwọ́ ẹ lòun ti rà á. Wọ́n ní ká pe ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní rárá, ọmọ tèmi kì í ta ayédèrú."

"Màámi, ẹ ní kí wọ́n yí padà! Ẹ yí padà!"

"Má pariwo mọ́ mi. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi ọ́: omi tó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa yìí, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"