Ọ̀dà Ewé Lára Kẹ̀kẹ́

"Ìyàwó, jẹ́ kí n sáà kun ọ̀dà pupa yìí lé e lórí bẹ́ẹ̀." Ògúnsúyì tó ń kun kẹ̀kẹ́ ní Ṣakí ló ń bẹ̀bẹ̀.

Mosúnmọ́lá, oníbàárà rẹ̀ tó ra kẹ̀kẹ́ náà lọ́jà Tẹ̀dé, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ pé ọ̀dà tuntun kì í dúró lórí ọ̀dà àtijọ́? Àbí ọ̀lẹ ń ṣe yín ni?"



Ògúnsúyì fi àkísà tó rẹ sínú omi eérú gbígbóná wé irin kẹ̀kẹ́ náà, kí ọ̀dà àtijọ́ lè bó. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ wú bí awọ tí omi gbóná jó. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha á.

Búlúù yọ lábẹ́ àwọ̀ ewé. Lára búlúù ni ọfà kékeré kan wà, tí wọ́n fi ìṣó fín.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mosúnmọ́lá. "Ọkọ mi ló fín ọfà yìí! Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí nìyí! Àbúrò rẹ̀ la pè lólè, tá a fi lé e nílùú. Ọ̀gá, ta ló kun ọ̀dà ewé bò ó?"

Ọmọ Ògún kì í mú irin lọ́wọ́ kó purọ́.

Ògúnsúyì rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n, ìyàwó."

Ó fi ẹsẹ̀ ti agolo ọ̀dà ewé tó ṣẹ́kù wọ abẹ́ àga rẹ̀.