Àga Àárín

"Ti òsì yẹn ń pariwo jù. Tì í sẹ́yìn díẹ̀!"

Baálé ilé ló ń pàṣẹ látorí àga àárín, ibi tí ohùn gbogbo sípíkà tuntun inú pálọ̀ náà ti ń pàdé.

"Bàbá Kizza, àwa tá a jókòó síbòmíì ńkọ́?" ni Nakimera, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"Ẹ̀yin á máa gbọ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù."

Ó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá Nakimera kan ilẹ̀kùn. Baálé ilé fò dìde, ó sá sẹ́yìn kọ́tìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Buganda, ta ló ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó nínú yàrá kan náà?

Màmá wọlé, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sórí àga àárín.

"Ohùn yìí mà dùn o! Ta ló tò ó?"

"Ọkọ mi ni, Màmá. Ó ní ẹ kú àbọ̀."

"Bá mi kí i. Ti òsì ṣì ń pariwo."

Igi ìgbálẹ̀ gígùn kan rọra yọ lábẹ́ kọ́tìnì, ó ń ti sípíkà òsì sẹ́yìn.

"Ó ti tó. Màá gbádùn oṣù kan tí mo wá lò lọ́dọ̀ yín yìí."

Igi ìgbálẹ̀ dúró sójú kan.