Kókó Tí Ẹ̀ga Kò Fà Le

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé ọ̀pẹ etí odò, ó bá Ẹ̀ga níbẹ̀, ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ hun jù.

Ṣírí ọkà kan ló ń gbà lọ́wọ́ ẹyẹ tó bá fi imọ̀ ọ̀pẹ náà hun ìtẹ́ fún. Nígbà tó rí i pé ìtẹ́ tó dára kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, kò fa kókó ìkẹyìn le mọ́. Òjò á rọ̀, ìtẹ́ á já, oníbàárà á tún korin dé:

Ẹ̀ga, bá mi hun ún o —
*Ọ̀pẹ ń gbọ́*
Ìtẹ́ mi tún já o —
*Ọ̀pẹ ń gbọ́*
Ṣé imọ̀ ṣì kù o? —
*Ọ̀pẹ ń gbọ́*

Ẹ̀ga ń ya imọ̀ títí orí ọ̀pẹ fi pá, tó sì gbẹ.

Nígbà tí òjò tún dé, òun alára kò rílé sùn. Àdàbà pè é sínú ìtẹ́ tí Ẹ̀ga fi imọ̀ ìkẹyìn hun fún un lórí igi ìyeyè. "Yà síbí kí òjò dá. Ìwọ náà lo kúkú hun ún."

Ẹ̀ga wọlé, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà síbi kókó náà. Kó tó la ẹnu, ìtẹ́ ti já, ẹyin Àdàbà méjèèjì sì fọ́.

"Má bínú, Ẹ̀ga," ni Àdàbà wí. "Ó jọ pé èmi ni mo wúwo jù."

Ẹ̀ga fò padà sórí ọ̀pẹ, ó wá ewé tí yóò fi bojú. Ọ̀pẹ kò ní ẹyọ kan.

Bí mo bá purọ́, kí ọ̀pẹ náà tún hu imọ̀ lónìí.