Ọwọ́ Tó Ń Jẹ Nẹ́tíwọ̀kì

Ọdún mẹ́ta ni Rùkáyátù ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo fóònù bí ẹni tó ń dáàbò bo fìtílà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Agbo ilé wọn ní Lafiaji kún fún etí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni Ọlálékan ọmọ òun wà. Ayé le. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ọmọ náà máa ń já lọ́rọ̀ lọ́rọ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ìwé títa ilé tí bàbá Rùkáyátù fi sílẹ̀ fún un ti wà lórí tábìlì, pẹ̀lú yíǹkì ìtẹ̀ka. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló kù. Owó ilé náà ni yóò gbé e lọ bá Ọlálékan. Ọlálékan fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Mọ́mì, ẹ lọ tún fóònù yẹn ṣe ná. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka."

Ó gbé fóònù náà lọ bá Mọ̀núrù tó ń tún fóònù ṣe ní Adéníji Adélé.

"Kò sóhun tó ṣe é, Àlàájà. Báwo lẹ ṣe ń mú un?"

Ó fi hàn án. Mọ̀núrù bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ẹ ti fún un lọ́rùn! Ìsàlẹ̀ níbí ni eríàlì ẹ̀ wà. Omi ló pọ̀ lára èèyàn, omi sì máa ń gbé nẹ́tíwọ̀kì mì. Ẹ fi ìka méjì mú un lókè, kẹ́ ẹ dúró sójú fèrèsé."

"Ọwọ́ mi ló wá ń jẹ nẹ́tíwọ̀kì? Ìwọ tó ò rí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa tún ṣe, tó ń súfèé kí ládàánì tó pe ìrun!"

"Ìyẹn ti darúgbó, Àlàájà. Ẹ jẹ́ kó máa súfèé ẹ̀."

Nígbà tó délé, ó dúró sójú fèrèsé, ó fi ìka méjì mú fóònù, ó pe Ọlálékan.

"Mọ́mì! Ẹ wò ó, ó mọ́ kedere!"

"Òtútù ńkọ́?"

"Ó ń pa wá lọ. Yìnyín ti bo gbogbo títì. Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́?"

"Mo ti ti ọwọ́ bọ yíǹkì."

Ó gbé àtàǹpàkò sókè ìwé náà.

Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí súfèé, ó gba ojú fèrèsé wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Láti Lọ́ńdọ̀nù, súfèé yẹn kan náà dún nínú fóònù débi pé Rùkáyátù kò gbọ́ ohùn Ọlálékan mọ́.