Ọ̀bọ Kọ́ Ilé Tẹ́tẹ́ De Àlejò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ bá mi gbe orin àlọ́ yìí. Ọ̀bọ ni mo fi pa á, baálẹ̀ abúlé kan tí omi ti ń dà láti orí àpáta.

Ó ń dun Ọ̀bọ pé àlejò kì í pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ló bá ní kí wọ́n gé gbogbo igi etí omi náà, kí wọ́n fi kọ́ ilé tẹ́tẹ́, pé ará òkèèrè yóò máa rọ́ wá ta á. Ó ń kọrin kiri:

Àlejò ń bọ̀ o,
*Ṣẹ́rẹ́ja!*
Ẹ bá mi tẹ́ ẹní,
*Ṣẹ́rẹ́ja!*

Wọ́n tẹ́ ẹní títí, wọn ò rí ẹnì kan. Ọ̀bọ ní, “Ẹ jẹ́ ká máa fi dánra wò láàárín ara wa, kí ojú má baà tì wá tí wọ́n bá dé.” Ni Òkété bá ń jẹ wọ́n nídìí tẹ́tẹ́. Ó jẹ iṣu Ìgalà, ó jẹ ẹní Ehoro, ó ń kó o wọ ihò. Inú bí Ọ̀bọ, ó bọ́ ṣòkòtò ìdí rẹ̀ fi ta. Òkété jẹ òun náà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Lékèélékèé dé.

“Ẹ káàbọ̀ o! Ilé tẹ́tẹ́ wa rèé!”

“Tẹ́tẹ́ kún ilé wa, Baálẹ̀. Igi tí mo máa ń bà lé dà?”

Bí Ọ̀bọ ṣe yí padà láti nawọ́ síbi tí igi wà tẹ́lẹ̀, Lékèélékèé bú sẹ́rìn-ín, ó sì fò lọ pe ẹbí rẹ̀ wá wòran. Àlejò wá rọ́ dé lóòótọ́:

Àlejò ti dé o,
*Ṣẹ́rẹ́ja!*
Baálẹ̀, ẹ yí padà,
*Ṣẹ́rẹ́ja!*

Láti ìgbà náà ni ìdí Ọ̀bọ ti wà ní gbangba. Òkété kì í sì í jáde lọ́sàn-án, kí wọ́n má baà bi í léèrè ṣòkòtò.