Ohun Tó Fi Ọ̀gá Láníyonu Sẹ́nu Iṣẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, ẹ̀rọ ẹnu géètì iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ náà ń ka àtẹ́lẹwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ó sì ń kéde ìdí tí kálukú fi yan iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn ìyá àgbà tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ í sọ.

"Ìyá rẹ̀ ló fipá mú un! Aṣọ iṣẹ́ wọn ló wu eléyìí!"

Ọ̀gá Láníyonu, olùkọ́ àwọn jórinjórin, ń mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Èmi o, látinú oyún ni irin ti ń pè mí." Ó ti sọ ọ́ fọ́dún mọ́kànlélógún, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà á gbọ́.

Àmọ́ lọ́dún yìí, òfin ni pé kí ẹ̀rọ náà ka àtẹ́lẹwọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ó fẹ̀rín na ọwọ́ tó kún fún àpá iná sórí ẹ̀rọ.

"Iṣẹ́ télọ̀ ló fẹ́ kọ́!" ni ẹ̀rọ kígbe. "Lọ́jọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀ níbí, oòrùn mú, ìlà àwọn jórinjórin nìkan ló wà lábẹ́ igi máńgòrò!"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Adéòtí, ọmọbìnrin tó ṣíwájú ìlà àwọn jórinjórin lábẹ́ igi kan náà, kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Oòrùn ló lé èmi náà wá síbí."

Ọ̀gá Láníyonu fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìgbà náà ló rántí ìwé tó fọwọ́ sí lánàá, pé kí wọ́n gé igi náà, torí pé òjìji rẹ̀ ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ dọ̀lẹ. Àwọn agégi sì ti ń gbé ayùn wọlé.

Ó sáré, fìlà já bọ́ lórí ẹ̀.

"Ẹ má gé e o! Òun ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́!"