Ẹ́ńjìnì fún Ọkọ̀ Oníjòókòó Méjì

Ọkọ̀ asáré ni ọkọ̀ Látúndé, pupa, ti ayé àtijọ́, ìjókòó méjì péré ló ní. Ohun tó ń bí Látúndé nínú ni pé jíìpù lásán ń sáré kọjá rẹ̀ lójú títì. Ìdí nìyẹn tó fi dé ọgbà àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti ti gbogbo ìsọ̀ àfi ọ̀kan.

Àdùnọlá ìyàwó rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀. Ó ń fi òrùka ìgbéyàwó kan gíláàsì ọkọ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè yára: kó, kó, kó.

"Obìnrin yìí á pa mí," Látúndé kùn. "Bàbá, èwo ló lágbára jù?"

Bàbá tó ni ìsọ̀ nawọ́ sí ẹ́ńjìnì kan tó jókòó lórí táyà. "Èyí ni. Ìjókòó mélòó ni ọkọ̀ yín ní, ọ̀gá?"

"Méjì."

"Ṣé ẹ nílò méjèèjì?"

Látúndé rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbọ́ ariwo ni? Kí ni mo fẹ́ fi ìkejì ṣe?"

Bàbá kò so bátìrì mọ́ ọn, kò bu epo sí i. Ó kàn gbọ́wọ́ lé e ni, ẹ́ńjìnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Ariwo gíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró kékeré kan bẹ̀rẹ̀ nínú irin: kó, kó, kó.

Látúndé bojú wẹ̀yìn. Bẹ́líìtì ṣì wà ní dídè lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ìró yẹn á lọ," ni bàbá wí, "tí ẹ bá ti tẹná mọ́ ọn dáadáa."

Látúndé wo ìjókòó náà títí. Ó wá lóṣòó ti ẹ́ńjìnì, ó tẹ́tí.

"Ṣé jíìpù kankan tún lè kọjá mi báyìí?"